Lábẹ́ Ọ̀dẹ̀dẹ̀: Ìkòkò Òdòdó, Ọyẹ́ àti Pèrègún Ilé Wa

Bí ètè wa ṣe ń là, tí ẹsẹ̀ wa ń ya, bẹ́ẹ̀ náà ni ara ń ni àwọn òdòdó inú ìkòkò, àfi pé àwọn ò lẹ́nu tí wọ́n á fi sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ wọn wá sí ojú ewé yìí.

Láti ìgbà tí ìwé tó kọjá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń bi mí: "Ìyá Eléwé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí gbogbo ìkòkò yìí ò fi kú mọ́ yín lọ́wọ́?" Ẹni tó bá ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa rí á mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Lọ́jọ́ awo tó kọjá, mo kà wọ́n, 132 ni wọ́n. Àwọn kan wà ní fàráńdà, àwọn kan wà lójú fèrèsé páálọ̀, àwọn kan tò sórí àtẹ̀gùn, méjì wà ní ilé ìdáná. Bí ìdajì wọn jẹ́ ewé tí a mọ̀ nídìí òrìṣà: ọ̀dúndún, àbámodá, rinrin, pèrègún, ọjá ìkookò. Ìdajì yòókù ni àwọn tí àwọn ọmọ ń pè ní fúláwà: begonia, anthurium, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún pupa, African violet, àti kalanchoe kéékèèké tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì.

Ẹnì kan nínú yín sọ fún mi pé kò yẹ kí n kó ewé òrìṣà pọ̀ mọ́ fúláwà olówó. Mo dá a lóhùn pé ẹbí ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ ewé lágbàáyé ń pe ọ̀dúndún wa ní Kalanchoe crenata. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, tó ń yọ òdòdó pupa àti ìyeyè, orúkọ tirẹ̀ ni Kalanchoe blossfeldiana. Erékùṣù Madagásíkà ni wọ́n ti mú un, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Robert Blossfeld ló sì sọ ọ́ di ohun títà ní Yúróòpù, ní nǹkan bí ọdún 1932. Ẹ fi ewé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fọwọ́ pa wọ́n, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. African violet náà, òkè Usambara ní Tanzania ló ti wá. Ní 1892, òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì kan tó ń jẹ́ Walter von Saint Paul-Illaire rí i níbẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé. Lónìí, ó ti padà wá sí ilẹ̀ Adúláwọ̀ pẹ̀lú orúkọ òyìnbó àti owó gọbọi. Bí ẹ bá sì wọ báńkì, tí ẹ rí igi kan nínú ìkòkò tí ewé rẹ̀ gùn, tó ní ìlà ìyeyè láàárín, ẹ má ṣe kọjá láìkí i. Pèrègún ni.

Nítorí náà, ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ yìí, ti gbogbo wọn ni. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ewé tó wà nílẹ̀ lè na gbòǹgbò lọ wá omi, ó lè wá oúnjẹ, ó lè sá fún òkúta. Èyí tó wà nínú ìkòkò ò lè rìn kọjá etí ìkòkò. Ohun tí ẹ bá fún un ló ní. Ohun tí ẹ bá fún un ní àfúnjù, kò ríbi dà á sí.

OMI

Omi ò lọ́tàá, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ gbòǹgbò máa ń mí. Bí omi bá kún inú ilẹ̀ ìkòkò lọ́sàn-án lóru, atẹ́gùn ò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò á sì jẹrà. Òdòdó tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ máa ń rọ. Òdòdó tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà náà máa ń rọ, nítorí kò lè fa omi mọ́. Ojú kan náà ni ìyà méjèèjì ń fi hàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi àánú pa òdòdó: wọ́n rí i tó rọ, wọ́n sáré bu omi sí èyí tí omi ń pa.

Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò títí dé oríkèé kejì. Bó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín dáadáa títí omi á fi jáde ní ihò ìdí, kí ẹ sì dáwọ́ dúró. Ìgbà tó bá tún gbẹ lẹ tó tún máa bomi sí i. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá pọ̀ bíi tèmi lè máa gbé wọn wò: èyí tó ń fẹ́ omi máa ń fúyẹ́. Ìkòkò amọ̀ máa ń tètè gbẹ nítorí ara rẹ̀ ń mí, ike ọ̀dà máa ń pa omi mọ́ pẹ́. Lásìkò ọyẹ́ yìí, begonia inú ìkòkò amọ̀ lè máa fẹ́ omi lọ́jọ́ méjì méjì, kí ọjá ìkookò inú ike má sì fẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má fi ti èyí wọn tòhun.

Ọ̀dúndún, àbámodá àti ọjá ìkookò mọ bí a ṣe ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Àwọn ihò kéékèèké tí ewé fi ń mí, ọ̀sán ni àwọn wọ̀nyí ń pa tiwọn dé kí oòrùn má baà fa omi ara wọn gbẹ. Òru ni wọ́n ń ṣí i. Ìdí nìyẹn tí ewé ọ̀dúndún fi nípọn, tó sì ń tutù lọ́wọ́ ẹni kódà nínú oòrùn. Nígbà tí ẹ bá ń fi í wá ẹ̀rọ̀, ẹ rántí pé òun náà mọ bí a ṣe ń pa ẹ̀rọ̀ mọ́ra.

African violet ò fẹ́ omi tútù lórí ewé, torí ó máa ń dá àmì sí i lára. Ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ sínú rẹ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí, kó fa èyí tó fẹ́ láti ìdí, kí ẹ sì da ìyókù nù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn àlejò wa. Bíi ti Ọbàtálá ni òdòdó, kò fẹ́ iyọ̀, kò sì fẹ́ ẹmu. Omi tí a fi se iṣu, omi tí a fi fọ ẹran, ìdajì ìgò mínírà tí ọmọdé ò mu tán, ẹ má dà á sínú ìkòkò. Ọtí tí ẹ bá sì fẹ́ ta sílẹ̀ fún àwọn baba wa, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ni kí ẹ ta á sí. Begonia mi kì í ṣe ojú oórì.

ỌJỌ́ AWO

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá mo ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá mi ṣe é. N ò ní. Ohun tí mo ní ni ọjọ́ awo. Ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí Bàbá bá ń palẹ̀ láti bọ Ifá, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, màá máa yẹ ìkòkò wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ilé ìdáná. Màá yí ojú rẹ̀ síbòmíràn díẹ̀ kó má baà wọ́ síbi ìmọ́lẹ̀ nìkan. Màá ká òdòdó tó ti rọ àti ewé tó ti pọ́n kúrò. Màá wo abẹ́ ewé. Màá da omi inú abọ́ ìdí ìkòkò nù, kí n sì fi aṣọ nù ún.

Ẹ má fojú kékeré wo ti omi abọ́ yẹn. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri ń yé sí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin rẹ̀ tó di ẹ̀fọn tó lè fò. Ẹni tó bá ń da omi náà nù lọ́jọ́ awo, tó sì ń fọ abọ́ náà, á ti pa á kó tó níyẹ̀ẹ́. Ilé tí òdòdó kún, tí ẹ̀fọn náà sì kún, kì í ṣe ilé òdòdó, ilé ẹ̀fọn ni.

Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń bo ewé débi pé ìmọ́lẹ̀ ò ní rí i wọ̀ dáadáa. Ẹ fi aṣọ tútù nu ewé pèrègún, ti anthurium àti ti ọjá ìkookò, lókè àti lábẹ́. African violet ní irun lára, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn tiẹ̀. Ẹ tún kó àwọn ìkòkò súnmọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá wà pọ̀, ọ̀rinrin tó ń ti ara ọ̀kan jáde á máa ṣe èkejì láǹfààní.

ÌMỌ́LẸ̀ ÀTI ÒKÙNKÙN

Òdòdó tí kò ríran dáadáa máa ń ga kọjá bó ṣe yẹ, igi rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́, á wọ́ síhà fèrèsé. Èyí tí oòrùn ń jó ju bó ṣe yẹ lọ, ewé rẹ̀ á ní ibi tó jóná bí ẹni fi ìjẹ́ iná kàn án. Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún fẹ́ oòrùn gbangba, ẹ gbé e síta. African violet, anthurium àti begonia fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láìfẹ́ kí oòrùn ọ̀sán kàn wọ́n. Fèrèsé ìlà-oòrùn ló dára fún wọn, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé tí á sì ti lọ kó tó di ọ̀sán gangan.

Ní ti kalanchoe, èyí tó ń bí ọ̀pọ̀ yín nínú ni pé, ẹ rà á tòun ti òdòdó, òdòdó náà rẹ̀, láti ọjọ́ náà ó kàn ń hu ewé ni. Kì í ṣe pé ó ṣàìsàn. Òkùnkùn ló ń wá. Kí kalanchoe yìí tó lè rúdí, òru rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn, kí ó sì jẹ́ òru tòótọ́. Bí gílóòbù páálọ̀ bá ń tàn sí i títí di aago mọ́kànlá alẹ́, lójú tiẹ̀ ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ẹ mú páálí, ẹ fi bò ó láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje àárọ̀, kí ó jẹ́ wákàtí 14, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sán, ẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ óò rí òdòdó. Ìyẹn ló máa ń mú mi rántí pé kì í ṣe gbogbo òkùnkùn ni ibi. Ó ní ohun tí ojú ọ̀sán ò lè bí.

Ìyá wa kan wà tó máa ń ráhùn pé ọ̀dúndún kì í tanná. Ó ń tanná, àsìkò yìí gan-an sì ni. Àmọ́ bí a bá ń já a lójoojúmọ́, níbo ló ti fẹ́ rí agbára? Ẹ ya ìkòkò méjì sọ́tọ̀ tí ẹ kò ní já. Àbámodá náà á so òdòdó bí agogo kéékèèké tó dorí kodò. Pèrègún tó bá dàgbà á yọ òdòdó funfun tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni òórùn dídùn rẹ̀ ń jáde, tí á sì gba gbogbo ilé kan.

ILẸ̀ ÀTI ÌKÒKÒ

Agolo méjì ilẹ̀ dúdú, agolo kan iyanrìn, agolo kan ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ tó ti jẹrà di ilẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Fún ọ̀dúndún àti ẹbí rẹ̀, ẹ fi agolo iyanrìn kan kún un. Ìkòkò tí kò bá ní ihò nídìí, ẹ lu ihò sí i. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ìkòkò, kí tuntun fi bí ìka kan péré fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewé kékeré nínú ìkòkò ńlá dà bí ọmọdé tí wọ́n wọ agbádá bàbá rẹ̀ fún: ilẹ̀ tó yí i ká á pọ̀ ju èyí tó lè fa omi rẹ̀ lọ, á sì máa tutù ṣáá.

Ẹ má fi ajílẹ̀ sí wọn lásìkò ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ dé. Ìkòkò ojúbọ ò sì lè di ìkòkò òdòdó, kódà bí ó ti fọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a nílé wa.

KÒKÒRÒ, ỌMỌDÉ ÀTI EWÚRẸ́

Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú ní ìkòríta ewé àti igi, kòkòrò ni. Ẹ gbé ìkòkò náà kúrò láàárín àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀. Ẹ po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi mọ́ lítà omi kan, ẹ fi nù ún, kí ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ awo mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ bá rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn lábẹ́ ewé lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kòkòrò mìíràn nìyẹn, ó fẹ́ràn ibi tó gbẹ. Ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé náà dáadáa. Òdòdó tuntun tí ẹ bá rà, ẹ má gbé e wọ àárín àwọn tó wà nílé. Kó kọ́kọ́ dá gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ mọ ohun tó gbé wá.

Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ní oje funfun tó ń ta ni lára, tó sì léwu fún ojú. Ẹ gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Àbámodá àti kalanchoe àlejò lè ṣe ọkàn ẹran ní jàǹbá bí ó bá jẹ ẹ́ púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́, ẹ fi ọgbà sáàárín.

PÈRÈGÚN ILÉ WA

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ọdún Ifá tó kọjá ti rí àmì ọ̀dà pupa tí wọ́n kọ sára ògiri iwájú ilé. Wọ́n fẹ́ fẹ títì. Wọn ò tíì dá ọjọ́, àmọ́ wọ́n ti wọn ilẹ̀, okùn wọn sì kọjá lẹ́yìn pèrègún. Ìyẹn ni pé apá òde, níbi tí pèrègún àwọn baba wa dúró sí, ti bọ́ sínú títì. Ojúbọ fúnra rẹ̀ yóò kù sínú ilé, àwọn àgbà ló ń bójú tó ìyẹn. Pèrègún ni wọ́n bi mí léèrè.

Kò ṣeé hú lódidi. Sìmẹ́ńtì ti yí ìdí rẹ̀ ká, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti bá ti ògiri lọ. Mo sọ fún wọn pé bí a bá gé e ní gígé, a lè gbìn ín sínú ìkòkò títí a ó fi mọ ibi tí ilẹ̀ wa máa dé. Ẹ̀gbọ́n wa kan dìde. Inú ń bí i, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó ní, "Pèrègún inú ìkòkò kẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ sọ baba wa di àlejò nílé ara rẹ̀ ni? Ìdí pèrègún yẹn ni wọ́n da omi ìkómọ mi sí. Ìdí rẹ̀ ni mo da ti àwọn ọmọ mi sí. Ẹ̀yin á wá máa gbé e káàkiri bí àga?"

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Bàbá Olúwo wá rọra sọ pé, "Ọmọ mi, ohun tí o sọ dùn mí bó ṣe dùn ọ́. Àmọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ la fi ń rọ́pò. Èyí tó wà níta yẹn, ṣé látojú ọ̀run ló ti já bọ́ ni? Ẹnì kan ló gé e láti ibìkan wá."

Wọ́n bi Ifá. Ohun tí Ifá sọ kì í ṣe èyí tí mo lè kọ síbí, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà nípàdé ẹbí. Èmi kàn lè sọ fún yín pé wọ́n ní kí n gé e. Ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an ló di àkàbà mú fún mi.

Àárọ̀ kùtù la gé e, kí ẹnikẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn tí a ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọ̀sanyìn. Gígé 24 la rí. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gé tiyín, báyìí ni kí ẹ ṣe é. Kí gígé kọ̀ọ̀kan gùn tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ fi ẹfun sàmì sí orí rẹ̀, nítorí bí ẹ bá gbin orí sísàlẹ̀, kò ní hù. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan. Ẹ rì í bọ iyanrìn tútù, kí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan wọlẹ̀, kí ẹ gbé e síbi òjìji tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ má fà á tu wò lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, ọ̀mùnú á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú 24 yẹn, 17 ti yọ ọ̀mùnú bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn tó kù rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé àbámodá kan, ẹ sáà tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tútù, ọmọ á yọ létí rẹ̀ yí po. Àbá tó dá á ṣẹ. Ọ̀dúndún, ẹ gé ọ̀mùnú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ gbìn ín. African violet, ewé kan pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ tó fún un láti bí òmíràn. Ọjá ìkookò tó ní etí ìyeyè nìkan ló yàtọ̀: bí ẹ bá gbin gígé ewé rẹ̀, á hù lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ á jẹ́ ewé tútù lásán, láìní ìyeyè. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jọ ìyá rẹ̀, ẹ pín in láti ìdí.

PÍPÍN

Ìpinnu ẹbí ni pé a ò ní tọ́jú gígé pèrègún wọ̀nyí síbì kan. Ojúlé kọ̀ọ̀kan á gba ẹyọ kan. Ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti béèrè bóyá òun náà lè sin ín nínú ilé alájà. Bẹ́ẹ̀ ni. Àìmọye ilé ní ìlú òyìnbó ló ní i nínú páálọ̀, láìmọ orúkọ rẹ̀. Kó gbé e súnmọ́ fèrèsé, kó gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kó dín omi rẹ̀ kù lásìkò òtútù, kó má sì jẹ́ kí ibẹ̀ tutù ju ìwọ̀n 13 lọ. Kò sì ní láti bẹ̀rù pé pèrègún ò mọ ọ̀nà òkun. Ní Bahia, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì ń pè é ní peregun di òní, wọ́n sì ń pe ìbátan ọ̀dúndún kan tó wà lọ́dọ̀ wọn ní odundun. Pierre Fatumbi Verger, tó di babaláwo, kọ orúkọ ewé wa rẹpẹtẹ sínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé, tó jáde ní 1995. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ orúkọ ni ìwé ń pa mọ́. Ewé fúnra rẹ̀, ẹni tó ń bomi rin ín ló ń pa á mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fún ẹni tó bá béèrè ní gígé òdòdó mi láìgbowó, èyí tó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n. Begonia pupa tó wà lójú fèrèsé mi lónìí, ọ̀dọ̀ ọmọ àbúrò mi ni mo ti gba a padà. Èmi ni mo fún un ní ìyá rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kòkòrò jẹ tèmi tán, tiẹ̀ wà. Òdòdó tó bá wà nílé kan ṣoṣo, ẹ̀mí kan ló ní. Èyí tó bá wà nílé mẹ́wàá, ó ní mẹ́wàá.

Ẹ̀yin olórí ojúlé, ẹ wá gba pèrègún yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó máa gbà á mú ìkòkò amọ̀ tó ní ihò lọ́wọ́, kó sì mú ọmọ kan dání, ọmọ tó ti tó bomi rin nǹkan. Èmi á fi ọwọ́ ọmọ náà ti ilẹ̀ wò níwájú gbogbo yín. Orúkọ ọmọ náà ni màá kọ sílẹ̀, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Gígé tó kù tí kò tíì hù, mi ò tíì sọ̀rètí nù lórí wọn. Bí wọ́n bá hù, ẹ̀gbọ́n wa ti ní kí n fún òun ní méjì.

Nínú ìwé tó ń bọ̀, bí Elédùmarè bá dá ẹ̀mí wa sí, a óò sọ̀rọ̀ lórí ajílẹ̀ àti bí a ṣe ń pààrọ̀ ìkòkò lásìkò òjò. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹbí kí oṣù tó pé.

Kí Ọ̀sanyìn jẹ́ kí ewé ó jẹ́. Kí ilé wa tutù bí ọ̀dúndún. Àṣẹ.

Èmi ni Ìyá Eléwé yín, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.